Fífi ìbọn afẹ́fẹ́ pa ẹyẹ nínú igbó Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbọn afẹ́fẹ́ kò lágbára tó bí ojú ṣe ń rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹni tó rà á rò pé ìbọn ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́, kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àti sùúrù òun ló máa gbé ẹyẹ dé inú ìkòkò.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà?

Kò lo ẹ̀tù rárá. (Ẹ̀tù inú ìbọn kọ́ ni ẹtù tó ń fò o, ohùn ló yà wọ́n, a ó sì dárúkọ méjèèjì níbí.) Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló ń ti ọta jáde. Ṣakabùlà a máa tú ọta púpọ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá bá ẹyẹ á bá a. Ti afẹ́fẹ́, ọta òjé kan ṣoṣo ni, tó wúwo tó nǹkan bíi 1 gíráàmù. Bí kò bá bọ́ síbi tó yẹ, ó di kí ẹyẹ fi ọgbẹ́ lọ kú sínú ìgbẹ́ láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù. Èkíní ni onísípíríìnì tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọta. Bí ẹ ṣe ń ṣẹ́ ẹ ni sípíríìnì inú rẹ̀ ń fún pọ̀. Tí ẹ bá fa tírígà, sípíríìnì á ti písítọ̀nù síwájú, písítọ̀nù á sì gbá afẹ́fẹ́ lu ìdí ọta. Èkejì ni onísílíńdà, tí a ti rọ afẹ́fẹ́ sí nínú láti ilé. Púpọ̀ nínú wọn ń gba 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀). Kì í gbọn lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti fi ta ibi tó wù yín, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì wúlò láìsí pọ́ǹpù rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, onísípíríìnì ni kó mú: bí ó bá fi mọ̀ ọ́n ta, kò sí èyí tí kò ní mọ̀ ọ́n ta. Ti agolo gáàsì CO2 wà pẹ̀lú, àmọ́ kò yẹ fún ẹyẹ. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, gáàsì inú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ọta á sì máa jáde bí ìgbà tí ọmọdé ń tutọ́.

Ṣé ó gba ìwé àṣẹ, àbí ohun ìṣeré ni?

Ó gbà á. Firearms Act ti 1959, òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, ka ìbọn afẹ́fẹ́, gígùn àti kúkúrú, mọ́ ìbọn àdáni, nínú ìsọ̀rí kan náà tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà. Kí ẹnikẹ́ni ní in láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà jẹ́ pé abẹ́ ibùsùn ló ń gbé. Òfin yìí náà ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá ṣáká, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ẹni tó ń ṣe àṣejù, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè, kí owó tó jáde lápò. Ontàjà tó ní "tọ́ì ni, kò gba pépà" kò ní bá yín dúró níwájú ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìwé ọlọ́pàá nìkan kọ́. Ilẹ̀ wo ló wà ní Ìjẹ̀bú tí kò ní ìdílé tó ni ín? Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ sì fi ara hàn Baálẹ̀ àti Olúọ́dẹ abúlé náà. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọ̀, àti ìgbà tí ẹ máa jáde. Lásìkò yìí tí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ń ṣọ́ igbó tọ̀sán-tòru, àjèjì tó dá gbé ìbọn kọ́ èjìká kò ní àlàyé tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ibo ni kí n má gbé e dé?

Igbó ìjọba Omo ní Ìjẹ̀bú East, láti àdúgbò tí wọ́n ń pè ní J4 wọnú. Àjọ UNESCO ti kà á mọ́ igbó àbójútó àgbáyé láti 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹni tó gbé ìbọn dání ń wá níbẹ̀. Igbó orò àti igbó ìmùlẹ̀ kò gba àlàyé. Lọ́jọ́ tí ìlú bá kéde Orò tàbí tí Àgẹmọ bá ń lọ lọ́nà, ilé ni kí ìbọn wà.

Ẹ ṣọ́ Erédò náà, òkìtì àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, pàápàá ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rí. Láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ yàrà rẹ̀ tó 20 mítà láwọn ibìkan, igbó sì ti bo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń fojú tọ àdàbà lókè lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹyẹ wo ni ìbọn yìí lè pa?

Àparò, àdàbà àti òrofó. Àparò tó dàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò, ìbọn afẹ́fẹ́ tó dára sì ká a tí ọta bá bọ́ sí orí tàbí ọrùn. Àdàbà rọrùn jù, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Òrofó kì í rọrùn láti rí.

Ẹtù ńkọ́? Ìyẹ́ ẹtù le, ara rẹ̀ sì ki. Ó lè wúwo ju kílò kan lọ. Àyàfi orí, ní 20 mítà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò. Ìgbà òjò ló ń yé, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹyẹ yòówù tí ẹ bá rí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ nàbọn sí rárá: igún, odídẹrẹ́, àṣá, àwòdì, òwìwí, agbe, àlùkò àti àtíòro. Igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Áfíríkà. Odídẹrẹ́ inú igbó, òfin àgbáyé ti fòpin sí òwò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Lékèélékèé ń ṣa kòkòrò lẹ́yìn màlúù, ẹran ara rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ti ẹyẹlé, èyí tó bà sórí páànù ahéré kì í ṣe ẹyẹ igbó, ẹnìkan ló ni ín, yóò sì wá a wá.

Ọta 4.5 tàbí 5.5?

5.5 mìlímítà, èyí tí wọ́n ń kọ .22 sí lára agolo. Ọta 4.5 (.177) wúwo tó ìdajì gíráàmù péré, ó ń yára, ó ń lọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ara ẹyẹ já láìgbé e ṣubú. Ti 5.5 tó bíi 0.9 sí 1 gíráàmù, ó ń lọ́ra díẹ̀, àmọ́ ó ń fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹran. Tí 4.5 bá ni ẹ ní nílé, orí nìkan ni kí ẹ máa ta.

Ọta tí orí rẹ̀ rí roboto ni kí ẹ rà. Olórí pẹlẹbẹ dára fún ìwé àfojúsùn, kì í dúró lójú ọ̀nà tó bá ti jìn. Olórí ṣóńṣó lẹ́wà nínú agolo, ibẹ̀ náà ni ẹwà rẹ̀ mọ. Ọta onírin roboto bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀pá tó ní ìlà yíyí nínú: ó ń họ ìlà náà, ó sì ń ta padà síni lójú tó bá bá ohun líle.

Báwo ni mo ṣe máa tún awò ìbọn ṣe kó lè ta ibi tí mo wò?

Awò ni gíláàsì orí ìbọn tí a ń fi wo ibi tí a fẹ́ ta. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Onísípíríìnì ń gbọn sẹ́yìn, ó sì ń gbọn síwájú. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹ̀tù kò mọ ti iwájú yẹn, gíláàsì inú rẹ̀ á tú.

Ẹ wá ibi tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ wọn 25 mítà pẹ̀lú okùn, kì í ṣe pẹ̀lú ojú. Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà ya òbìrí sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé ọwọ́ yín lé àpò iyanrìn, kí ìbọn wà lórí ọwọ́, kó má kan àpò náà. Ẹ ta 10 dànù kí ìbọn lè mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta 5 sí ojú kan ṣoṣo láìtún ohunkóhun ṣe. Àárín ihò márààrún ni ẹ máa wò, kì í ṣe èyí tó dára jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ awò ń yí ọta ní bíi mìlímítà 1.7 fún "kẹ́" kan (ìró tí kókó ara awò ń dún bí ẹ ṣe ń yí i) ní 25 mítà, nítorí náà kẹ́ 6 ló tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ yí i, ẹ tún ta 5.

Tí ọta 5.5 bá jáde ní bíi 180 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí awò sì ga ju ọ̀pá lọ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5, báyìí ni yóò ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe sí 25 mítà: ní mítà 5, ọta á bọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 2, láti 10 dé 25, kò ní yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ní 35, ó ti wá sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ní 40, sẹ̀ǹtímítà 10. Orí àparò kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Ẹ fi ojú yín wo ìṣirò yẹn kí ẹ tó sọ pé ìbọn yín ká ẹyẹ ní 40 mítà.

Nígbà wo ni mo lè sọ pé mo ti tó ẹyẹ ta?

Nígbà tí ẹ bá ta ọta 5 sínú ìdérí ìgò ní 25 mítà, tí márààrún wọlé, láti ìdúró tí ẹ máa lò nínú igbó: ìkúnlẹ̀, tàbí ìfẹ̀yìntigi. Kì í ṣe lórí tábìlì. Bí mẹ́rin bá wọlé, ẹ sún wá sí 20 mítà kí ẹ tún gbìyànjú. Ibi tí márààrún bá ti wọlé ni òpin yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ 25 mítà nínú igbó?

Oko ọ̀pẹ ló rọrùn jù. Ọ̀pẹ tí wọ́n fi ìwọ̀n gbìn, mítà 9 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì lórí ìlà. Tí ẹ bá dúró nídìí ọ̀pẹ kìíní, èkejì wà ní 9, ẹ̀kẹta ní 18, ẹ̀kẹrin ní 27. Ẹyẹ tó bá wà níwájú ọ̀pẹ kẹrin, ó tó yín ta. Èyí tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rá sún mọ́ ọn tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Oko kòkó tuntun, mítà 3 ni wọ́n ń fi sáàárín igi. Oko kòkó àtijọ́ kò ní ìlà, kò ṣeé kà.

Níbi tí kò sí ìlà, ẹ kọ́kọ́ ka ìṣísẹ̀ yín lórí 25 mítà nílé. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ máa jókòó sí, ẹ rìn ín sí iwájú, ọ̀tún àti òsì, ẹ ṣẹ́ ewé sílẹ̀ ṣe àmì, kí ẹ tó padà jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Fún ẹyẹ tó wà lókè, ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Tí ìdí igi bá wà ní mítà 15 sí ẹsẹ̀ yín, tí ẹyẹ sì bà sí mítà 20 lókè, 25 ló wà láti ojú yín dé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọta máa bọ́ sí, ẹ fi 15 ṣe ìṣirò rẹ̀. Agbára ọta ni 25 náà ń dín kù.

Báwo ni kí n ṣe di ìbọn onísípíríìnì mú?

Bí ẹyin. Ìbọn yìí ti gbọn lẹ́ẹ̀mejì kí ọta tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá há a mọ́wọ́, ìbi tí ẹ há a sí ló máa darí rẹ̀. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́, kí ìbọn sùn lé e lórí, níbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìdí rẹ̀ kàn ń kan èjìká ni. Ẹ mú atẹ́gùn sínú, ẹ tú ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ wá fi orí ìka fa tírígà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tó bá dún, ẹ má tíì gbé ojú kúrò nínú awò. Ẹ ka ení, èjì. Ọ̀pọ̀ àṣìta ni ojú tó yára lọ wo ẹyẹ ń fà.

Ẹ má gbé ọ̀pá lé ẹ̀ka igi tààrà. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé lé ẹ̀ka, kí ìbọn wà lórí ọwọ́.

Ìbọn mi ń ta dáadáa lánàá, lónìí kò bá ohunkóhun mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Kí ẹ tó dá sípíríìnì lẹ́bi, ẹ fọwọ́ kan àwọn súkúrúù tó de irin mọ́ igi. Gbígbọn ìbọn ń tú wọn, tí ọ̀kan bá sì ti mì, ọta á máa bọ́ síbi tó wù ú. Nínú ìbọn mẹ́wàá tó "bàjẹ́", súkúrúù ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ dè wọ́n kó mọ níwọ̀n, kí igi má sán. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹsẹ̀ awò: ó ti lè máa rá sẹ́yìn lórí ìlà rẹ̀, ojú ibi tí ó ti kúrò á máa dán.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára, ó kan rọ́bà ẹnu ọ̀pá, níbi tí a ti ń ki ọta sí. Ẹ ki ọta, ẹ ti ọ̀pá padà, ẹ wá fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé orí oríkèé ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́, kí ẹ ta á sí iyẹ̀pẹ̀. Bí òwú bá fò, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀, rọ́bà ti gbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Abẹ́rẹ́ ni ẹ máa fi yọ ọ́.

Tó bá ń dún bí ìbọn ẹ̀tù, tí èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń rùn bí epo tó jóná, epo ló wọ iwájú písítọ̀nù. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ lójijì ń gbóná, ó sì ń dáná sí epo náà. Inú àwọn kan ń dùn sí ariwo yẹn, wọn kò mọ̀ pé ó ń jẹ rọ́bà písítọ̀nù, ó sì lè ṣẹ́ sípíríìnì. Ẹ yé rọ epo ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀.

Ohun méjì tó ń ba ìbọn jẹ́ tàbí tó ń ṣe èèyàn léṣe lójú ẹsẹ̀: kí ẹ ta á láìní ọta nínú, nítorí písítọ̀nù á lọ fi orí gbá irin, àti kí ẹ ju ọ̀pá sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ki ọta. Bí ìdè inú rẹ̀ bá já, ọ̀pá á padà sókè bí pàkúté, ìka tó bá bá níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá títí ọta á fi wọlé.

Onísílíńdà ni tèmi. Ṣé mo lè lọ rọ afẹ́fẹ́ sí i lọ́dọ̀ wẹ́dà?

Rárá. Ọ́síjìn ló wà nínú sílíńdà wẹ́dà àti ti ilé ìwòsàn. Ọ́síjìn tí a fún pọ̀, tó bá pàdé ọ̀rá díẹ̀ nínú ìbọn, bíi bọ́ǹbù ni, ẹ̀gbẹ́ ojú yín sì ni sílíńdà náà wà. Afẹ́fẹ́ lásán ni kí ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ rọ. Afẹ́fẹ́ tiwa níbí kún fún omi, nítorí náà ẹ máa rọ ọ́ níwọ̀nba, ẹ sinmi kí pọ́ǹpù tutù, kí ẹ sì ṣí ojú omi rẹ̀ kí ìkùukùu inú rẹ̀ jáde. Àìṣe bẹ́ẹ̀, inú sílíńdà á dípata.

Àkókò wo ni ẹyẹ máa ń wà, níbo sì ni kí n dúró sí?

Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹyẹ, títí di nǹkan bí aago 9. Àti láti 4:30 ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Ọ̀sán gangan, gbogbo wọn wà lábẹ́ òjìji.

Àparò ń jẹun létí oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo tí wọ́n ti ṣẹ́, pàápàá níbi tí oko ti pàdé ilẹ̀ tó ti dìgbó. Ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ má lọ bá a níbi tó ti ń ké. Ẹ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọ oko. Àwọn àgbà ní àparò kan kò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun ebè. Òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó gun ebè yẹn kọ́ ni kí ẹ ta, nítorí òfuurufú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dúró kó sọ̀ kalẹ̀ síwájú ebè. Ebè á gba ọta tó bá ṣìnà.

Òrofó wà lórí igi ọdán àti ọpọ̀tọ́ tó ń so. Àwọ̀ ewé ló ní, ẹ lè dúró lábẹ́ ogún wọn kí ẹ má rí ẹyọ kan. Ẹ tẹ́tí: ẹnu òrofó ní í pa òrofó. (Ọmọ mẹ́fà tí òwe ní ó bí yẹn, àsọdùn ni, ẹyin kan tàbí méjì ló ń wà nínú ìtẹ́ rẹ̀.) Ẹ wo ibi tí èso ti ń já bọ́, ẹ gbé awò sókè láti ibẹ̀, kí ẹ wá ohun tó ń mì lòdì sí atẹ́gùn.

Ẹyẹ ń rí àwọ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìmìra ló ń lé e. Aṣọ tó ti ṣá, fìlà tó bo iwájú orí, ìbọ̀wọ́ tí kò dán, ó tó. Bàtà tó ga dé orókùn ju gbogbo ìyẹn lọ, nítorí ọká kì í kúrò lójú ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni.

Ibo lára ẹyẹ ni kí n ta?

Orí àti ọrùn ni ti àparò. Àdàbà tó fi ẹ̀gbẹ́ sí yín, ìdí apá rẹ̀, níbi tí apá ti so mọ́ ara. Tó bá kẹ́yìn sí yín, àárín èjìká méjèèjì. Tó bá kọjú sí yín, ẹ dúró kó yí: àpò oúnjẹ ọ̀fun rẹ̀ lè kún fún àgbàdo, àgbàdo náà á sì gba ọta bí àpò iyanrìn ṣe ń gbà á.

Ṣé mo lè ta èyí tó ń fò?

Rárá. Ọta kan ṣoṣo ni, kò lè bá a, ó sì lè rìn kọjá 300 mítà kó tó balẹ̀.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún tí mo bá ń ta sókè?

Adẹ́mu. Ó wà lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà rẹ̀, kò pariwo, aṣọ rẹ̀ ti di àwọ̀ ọ̀pẹ. Ẹni tó ń ká obì náà wà lórí igi nígbà obì ní oko Rẹ́mọ. Ẹ wo ìdí igi kí ẹ tó wo orí rẹ̀: kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, kèǹgbè tàbí bàtà nídìí igi, èèyàn wà lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ tí ẹ̀ka ńlá tàbí ìtì igi wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ta. Ojú omi, òkúta àti igi gbígbẹ líle ń dá ọta padà. Lábẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ti ga, ẹni tó ń túlẹ̀ kò ní hàn. Ẹ kígbe "ẹ kú iṣẹ́ o" sínú oko kí ẹ tó jókòó. Àparò á sá lọ, á sì padà wá láìpẹ́.

Ó ṣubú, n kò rí i mọ́.

Ẹ má dìde. Ẹ ki ọta míràn, kí ẹ sì mú igi kan ṣe àmì níbi tó bọ́ sí. Ẹ rìn lọ tààrà, ẹ fi fìlà sílẹ̀ níbi tí ẹ rí ìyẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wá máa yí i ká títí dé mítà 10. Àparò tó fara gbọgbẹ́ kì í fò, sísá ló ń sá, yóò sì ki orí bọ abẹ́ ewé gbígbẹ. Tí ẹ bá bá a láàyè, ẹ fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìka méjì ọwọ́ kejì há ìdí orí rẹ̀, ẹ fà á gùn sísàlẹ̀ kí ẹ sì yí orí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Apá rẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Ó ti kú.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú ẹran náà?

Ẹ tu ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, kí ẹ tu ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí awọ àdàbà ń ya bí ìwé. Láàárín wákàtí kan, kí ìfun ti jáde. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ooru tiwa á mú kó bàjẹ́ kí ẹ tó délé. Àpò tó lójú ihò ni kí ẹ gbé e kọ́.

Ẹ la àpò oúnjẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Tí àgbàdo inú rẹ̀ bá pupa bí osùn tàbí tó ní àwọ̀ búlúù, irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa lára ni, ẹ sin ẹyẹ náà jìnnà sí omi. Ẹyẹ tí ẹ bá bá nílẹ̀ tó ti kú láìní ọgbẹ́, tàbí tó ń tàgẹ̀ẹ́rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án: májèlé lè wà níbẹ̀, àrùn adìyẹ tó dé Nàìjíríà ní 2006 sì ń mú ẹyẹ igbó pẹ̀lú.

Òjé ni ọta. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, nítorí èérún rẹ̀ ń wà níbi tí ojú kò rí. Ọmọdé àti aláboyún ni òjé ń ṣe ní ibi jù. Ẹ má ṣe fẹnu mú ọta bí aránṣọ ṣe ń fẹnu mú abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó bu gààrí.

Mélòó ni kí n pa lọ́jọ́ kan?

Iye tí ìkòkò yín máa gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Agbo àparò kan létí oko kan kì í pọ̀. Tí ẹ bá mú méjì nínú wọn, ẹ lọ jókòó síbòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú ìbọn nígbà òjò?

Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ìpata kì í sùn ní Ìjẹ̀bú. Tí ẹ bá wọlé, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo irin, kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ ta epo díẹ̀ sí nu ìta rẹ̀ nìkan. Àpótí onífóòmù lẹ́wà fún ìrìn àjò, ṣùgbọ́n fóòmù ń mu omi. Ìbọn tí ẹ bá fi sí i mọ́júmọ́ lẹ́yìn òjò, àmì fóòmù ni ẹ máa bá lára rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ gbé e dúró sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, láìki ọta, láìṣẹ́ sípíríìnì rẹ̀ sílẹ̀, kí ọta àti kọ́kọ́rọ́ wà níbòmíràn. Inú ọ̀pá kò fẹ́ wàhálà: okùn tí a so aṣọ mọ́, tí a fà kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn agolo ọta kan, ti tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá fà á, ọta bíi 10 sí 20 àkọ́kọ́ lè ṣáko. Ẹ ta wọ́n sí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kì í ṣe sí àparò.